Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún láì lo ẹ̀rọ ìṣirò: ẹ kọ́kọ́ béèrè pé “ti kí ni?”

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo máa ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ láìpẹ́, wọn ò sì ní jẹ́ ká mú ẹ̀rọ ìṣirò wọlé. Mo mọ fọ́múlà tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́, pé ká sọ iye méjèèjì di púpọ̀ ká sì fi ọgọ́rùn-ún pín in. Àmọ́ tí ẹnì kan bá ṣàdédé bi mí pé kí ni 15% nínú 80, ńṣe ni orí mi máa ń dúró. Èyí tó tún burú jù ni irú ìbéèrè yìí: “Wọ́n fi 20% kún iye kan, ó wá di 96. Èló ni iye náà tẹ́lẹ̀?” Gbogbo ìgbà ni mo máa ń ṣì í. Àwọn ọ̀nà àbùjá wo ni kí n kọ́, báwo ni mo sì ṣe máa kọ́ wọn tí mi ò fi ní gbàgbé?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ là á yé mi báyìí. Ohun méjì tí ẹ mú wá yìí kì í ṣe irú kan náà. 15% nínú 80, ìṣòro ìyára ni, àbùjá sì máa yanjú ẹ̀ láìpẹ́ rárá. Ti 96 yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyára. Èèyàn lè yára bí ìjì kó sì ṣì í, torí pé ohun tó fa àṣìṣe ibẹ̀ ni pé a ò tíì béèrè pé 20% yẹn jẹ́ ti kí ni. Mo fẹ́ kí ìbéèrè kékeré yìí, “ti kí ni?”, máa wà lẹ́nu yín kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan. Mo ti kọ́ ọmọdé àti àgbà ní ìṣirò, ohun tí mo sì rí ni pé àṣìṣe tó ń ti ọ̀dọ̀ pípín àti ìsọdipúpọ̀ wá kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń wá látinú mímú odindi tí kò yẹ ká mú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ìyára.

Ẹni tó bá ti mọ 10% nínú iye kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo ìyókù. 10% kò gba ìṣirò kankan. Ẹ kàn máa sún pọ́ìǹtì sí apá òsì ní ipò kan ni. 10% nínú 80 jẹ́ 8, nínú 340 ó jẹ́ 34, nínú 67 ó jẹ́ 6.7. Ẹ tún sún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ti dé 1% nìyẹn: 0.8, 3.4, 0.67. Ìdajì 10% ni 5%, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 20%. Ẹ wá fi 50% kún wọn, ìyẹn ìdajì odindi, tí ojú gbogbo wa ti mọ̀ dáadáa. Kò sí ìdá kankan, láti 1 dé 100, tí ẹ ò lè fi 50%, 10%, 5% àti 1% tò jọ.

Nítorí náà, 15% nínú 80 ni 8 pẹ̀lú ìdajì rẹ̀, 4. Ó di 12. Ó tán. Orí yín kì í dúró torí pé ẹ ò mọ ìṣirò. Fọ́múlà tí wọ́n kọ́ yín ló ní kí ẹ kọ́kọ́ sọ 15 di ìlọ́po 80, kí ẹ di 1,200 mú nínú orí, kí ẹ tó wá fi ọgọ́rùn-ún pín in. Lórí ìwé, fọ́múlà náà dára, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jù ú nù. Nínú orí, ẹrù ni, torí nọ́ńbà ńlá tí kò ní ìtumọ̀ kankan lẹ ń gbé kiri kí ẹ tó rí ìdáhùn. Tí ẹ bá fi 10% bẹ̀rẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá pàdé lọ́nà ló ní ìtumọ̀, gbogbo wọn ló sì kéré. Ẹ gbìyànjú 35% nínú 240: 10% jẹ́ 24, 30% jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, 72, 5% jẹ́ 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 84.

Bí àwọn iye méjèèjì bá parí sí òdo, bíi 40% nínú 60, ẹ má wulẹ̀ to nǹkan jọ. 10% nínú 60 jẹ́ 6, mẹ́rin irú ẹ̀ jẹ́ 24. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi máa ń ju òdo kan nù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á kàn sọ pé 4 lọ́nà 6. Lára 600, 240 ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni yíyọ kúrò, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé wọn kì í sábà kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́. Bí ìdá tí wọ́n bi yín bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan tó rọrùn, ẹ lọ síbi tó rọrùn yẹn kẹ́ ẹ wá dín ohun tó ṣẹ́kù kù. 45% nínú 360 ni ìdajì 360, ìyẹn 180, tí a yọ 5% kúrò lára rẹ̀. 5% nínú 360 jẹ́ 18, torí náà 162 ló kù. 95% nínú 640 ni 640 tí a yọ 32 kúrò, 608. Kódà 19% nínú 412, tó dà bí ẹni pé kò ṣeé ṣe láì mú bírò, kò le: 20% jẹ́ 82.4, 1% jẹ́ 4.12, ohun tó kù jẹ́ 78.28. Ẹ kíyè sí i pé 5% tí mo yọ nínú ti 45% yẹn, 5% ti 360 ni, kì í ṣe ti 180. Ẹni tó bá yọ 5% ti 180 á ní 171, á sì máa wò ó pé ọ̀nà àbùjá ló tan òun. “Ti kí ni?” ti ń ṣiṣẹ́ láti ibí yìí lọ.

Àbùjá kan wà tó gbajúmọ̀ gan-an, tí ẹ sì lè ti gbọ́ nípa rẹ̀: pípààrọ̀ ipò. 18% nínú 50 àti 50% nínú 18, iye kan náà ni wọ́n, torí pé ọ̀nà méjèèjì jẹ́ 18 lọ́nà 50 tí a fi 100 pín. Ìdajì 18 jẹ́ 9, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. 16% nínú 25 di ìdá kan nínú mẹ́rin 16, ìyẹn 4. 28% nínú 75 di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 28, ìyẹn 21. Ó dùn, ó sì tọ̀nà nígbà gbogbo. Àmọ́ lójú tèmi, àwọn èèyàn ti gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà tí ọ̀kan nínú nọ́ńbà méjèèjì bá jẹ́ 10, 20, 25, 50 tàbí 75 nìkan ló ń ràn wá lọ́wọ́. 73% nínú 41 àti 41% nínú 73 le bákan náà. Torí náà, ẹ kàn fojú wo nọ́ńbà kejì lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí 25 tàbí 50 níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ wọn. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ padà sí 10%.

Àwọn ìdá kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ sórí, wọn ò sì pọ̀. 50% ni ìdajì, 25% ni ìdajì rẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdajì ìyẹn náà ni 12.5%, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ rí i pé ìdajì-ìdajì la ń bá bọ̀, kò sí ohun tí a ń kọ́ sórí níbẹ̀. 20% ni ìdá kan nínú márùn-ún. Ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ 33 àti díẹ̀, ìdajì rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́fà, jẹ́ 16 àti díẹ̀ (nǹkan bíi 16.7). Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá 37.5% nínú 64, ẹ ò ní fi 10% jà á. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ni, ìdá kan nínú mẹ́jọ 64 jẹ́ 8, ìdáhùn jẹ́ 24.

Wọ́n tún lè yí ìbéèrè náà padà nínú ìdánwò: ẹnì kan gba 17 nínú 20, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn? Ẹ kàn wo ohun tó máa sọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ di 100, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti òkè. 20 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 100, 17 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 85, torí náà 85% ni. 13 nínú 25, ìlọ́po mẹ́rin, 52%. Bí kò bá bọ́ sí 100 dáadáa, bíi 19 nínú 30, ẹ tún ké sí 10%: 10% nínú 30 jẹ́ 3. Mẹ́fà irú ẹ̀ wà nínú 19, ìyẹn 18, tó jẹ́ 60%, ó wá ku 1. 1 yẹn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta 10%, ìyẹn 3.3%. Ìdáhùn jẹ́ nǹkan bíi 63.3%.

Ó tó gẹ́ẹ́ fún ti ìyára. Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀.

Wọ́n fi 20% kún iye kan, ó di 96. Ohun tí ọwọ́ máa ń sáré ṣe ni kó yọ 20% kúrò nínú 96: 10% jẹ́ 9.6, 20% jẹ́ 19.2, ó ku 76.8. Ẹ dán an wò báyìí. 20% nínú 76.8 jẹ́ 15.36, tí ẹ bá fi kún un, 92.16 ló máa jẹ́, kò dé 96. Ibo ló ti bàjẹ́? Ẹ béèrè pé ti kí ni. 20% tí wọ́n fi kún un kì í ṣe ti 96, torí pé 96 kò tíì sí nígbà tí wọ́n ń fi kún un. Ti iye àkọ́kọ́ ni, ìyẹn gan-an tí a ń wá. Torí náà, iye àkọ́kọ́ ni 100%, 96 sì ni 120%. Ẹ wá pín 120% sí 20% ogún-ogún, mẹ́fà ló máa jẹ́. 96 tí a pín sí ọ̀nà mẹ́fà jẹ́ 16. Iye àkọ́kọ́ jẹ́ márùn-ún nínú rẹ̀: 80. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 20% nínú 80 jẹ́ 16, 80 àti 16 jẹ́ 96.

Bákan náà ni ti ẹ̀dínwó. Wọ́n yọ 25% kúrò nínú iye kan, ó ku 60. Ohun tó kù jẹ́ 75%, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìdá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20, mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 80.

Bí ẹ bá wo àwọn ìdáhùn wọ̀nyí dáadáa, ẹ máa rí ohun kan tó wù mí gan-an. Ohun tó bá fi ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i, ìdá kan nínú mẹ́fà èyí tó wà lọ́wọ́ báyìí la máa yọ kó tó padà síbi tó ti wá. Ohun tó bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ sí i, ìdá kan nínú márùn-ún la máa yọ. Nígbà tí nǹkan bá dín kù ńkọ́? Ó máa ń lọ sí apá kejì: tó bá fi ìdá kan nínú márùn-ún dín, ìdá kan nínú mẹ́rin la máa fi kún un, tó bá sì fi ìdajì dín, odindi rẹ̀ la máa fi kún un. Ìdí ni pé bí iye kan bá jẹ́ ìpín márùn-ún, tí a fi ọ̀kan kún un, ó ti di mẹ́fà. Ìpín kan yẹn náà ni a fẹ́ mú kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú mẹ́fà ló jẹ́ báyìí. Ẹni tó bá lóye èyí kò nílò láti kọ ohunkóhun fún ìbéèrè 96 yẹn: ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 16, ẹ yọ ọ́, ó ku 80.

Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ti àfikún àti àyọkúrò tó jọ ń rìn pọ̀. Iye kan jẹ́ 100, wọ́n fi 20% kún un, wọ́n sì tún yọ 20% kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní a ti padà sí 100. Rárá o. 20% àkọ́kọ́ jẹ́ ti 100, ó jẹ́ 20. Ìkejì jẹ́ ti 120, ó jẹ́ 24. 96 ló kù. Bí ẹ bá sì kọ́kọ́ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó fi kún un, 96 náà lẹ máa bá. Àbùjá ibẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ sọ ìdá náà di ìlọ́po ara rẹ̀, kẹ́ ẹ fi 100 pín in, ohun tó bá jáde ni ìdá tó sọnù. 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400, torí náà 4% ló sọnù. Fún 10%, 1% ló ń sọnù. Fún 50%, 25% ni.

Bí àfikún méjì bá tẹ̀ léra, ẹ rò wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìlọ́po wọn tí a fi 100 pín kún un: 10% lẹ́yìn náà 20% kò ṣe 30%, 32% ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀dínwó méjì ló tẹ̀ léra, ẹ yọ ọ́ dípò kẹ́ ẹ fi kún un: 20% lẹ́yìn náà 10% jẹ́ 28%. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ fi 100 dán an wò: 100 di 80, 80 di 72, 28 ló ti lọ. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn tí mò ń kọ́ fi 100 dán gbogbo òfin wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́, èmi náà kì í sì í yọ ara mi sílẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìdá tí wọ́n ń fi wé ìdá. Bí àwọn tó yege nínú ìdánwò kan bá kúrò ní 40% di 50%, àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ 10. Síbẹ̀, bí iye àwọn tó ṣe ìdánwò náà ò bá yí padà, àwọn tó yege fi 25% pọ̀ sí i, torí pé 10 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin 40. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń ṣètò ìdánwò sì mọ̀ pé ẹ lè mú ọ̀kan fún èkejì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe béèrè é.

Bí wọ́n bá bi yín nípa èlé orí èlé, òfin 72 ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: ẹ fi ìdá èlé ọdọọdún pín 72, ohun tó bá jáde ni iye ọdún tí owó máa fi di ìlọ́po méjì. Ní 6%, nǹkan bí ọdún 12 ni, ní 8%, ọdún 9. Ó ti pẹ́ tó wà, Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Ítálì, ti kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1494. Ìfojúbù ni o, ó sì sún mọ́ òótọ́ jù láàárín nǹkan bí 6% sí 10%.

Ẹ béèrè bẹ́ ẹ ò ṣe ní gbàgbé. Ẹ má ṣe kọ gbogbo èyí sínú ìwé kẹ́ ẹ máa kà á léraléra, kíkà lásán máa ń tan èèyàn pé ó ti mọ̀ ọ́n. Lójoojúmọ́, ẹ mú nọ́ńbà kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì tú u palẹ̀ lẹ́nu, sókè ketekete. Ẹ jẹ́ ká mú 260: 10% jẹ́ 26, 5% jẹ́ 13, 1% jẹ́ 2.6, 15% jẹ́ 39, 45% jẹ́ 130 tí a yọ 13 kúrò, ìyẹn 117, 95% jẹ́ 247. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí ẹ bá gbàgbé nǹkan kan, ẹ má sáré wò ó, ẹ fi 100 tún un hú jáde fúnra yín. Ìgbà tí 10% àti 5% bá ti ń jáde láìronú ni kẹ́ ẹ tó kọjá sí àwọn ìbéèrè tó ń padà sẹ́yìn bíi ti 96. Ẹni tó bá ń jagun pẹ̀lú 10% kò ní ráyè ronú nípa odindi.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, bí wọ́n bá fún yín ní ìdáhùn mẹ́rin láti mú nínú rẹ̀, ẹ fojú bù ú kẹ́ ẹ tó ṣírò. 37% nínú 612, tí àwọn ìdáhùn bá jẹ́ 22.64, 226.44, 306 àti 2,264.4. 37% ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ díẹ̀, ìyẹn díẹ̀ lókè 204, kò sì dé ìdajì, 306. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì, 226.44. Ẹ mú un kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ jẹ́ kí àkókò tó kù jẹ́ ti àwọn ìbéèrè tó le.

Èyí ni irú èyí tó le, ẹ gbìyànjú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ìsàlẹ̀: wọ́n yọ 25% kúrò nínú iye kan, wọ́n sì fi 40% kún èyí tó kù, ó wá di 210. Èló ni iye náà tẹ́lẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. 40% yẹn jẹ́ ti èyí tó kù lẹ́yìn àyọkúrò, torí náà 210 jẹ́ 140% rẹ̀, ìyẹn 20% lọ́nà méje. 210 pín sí méje jẹ́ 30, márùn-ún irú ẹ̀ jẹ́ 150. 25% jẹ́ ti iye àkọ́kọ́, torí náà 150 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Ìdá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50, mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 200.